Asẹ́ Tí Ó Gbé Súwẹ́tà Mì

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tuntun dé lónìí, nínú àpótí onígi tí ó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa wá ń gba ẹ̀yìn wọlé bí olè. Wọn ò tíì tú wọn tán tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Arúgbó kò lè bá àwọn ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀. Arúgbó ni kọ̀ǹpútà tí ó ti ń ka èdè ìhun wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe hun súwẹ́tà, láti ìgbà tí èmi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ẹni tí ó kọ ètò inú rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Kí n kọ òmíràn. Mo ní ó dáa. Ó ní kí n má tíì sọ pé ó dáa. Tí kò bá ṣeé lò kí oṣù Kọkànlá tó parí, òun á ra ètò olówó ńlá tí ó ní àwòrán súwẹ́tà tirẹ̀ nínú. A ò ní nílò ẹni tí yóò máa kọ ìhun mọ́ nìyẹn, òun á sì ti yàrá ìkọ̀hun pa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olórí yàrá ìkọ̀hun. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ níbí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Ọ̀gá mọ gbogbo èyí, ó kàn ń wo èékánná rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni.

Mo lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé o lè ṣe é?" Mo ní mo lè ṣe é. Ó ní ó tán nìyẹn, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4

Ọkọ mi ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe kí òun lè mọ ohun tí òun á máa bá mi dààmú lé lórí. Mo ní ẹ̀rọ kì í rí ọ̀rọ̀, lẹ́tà ló ń rí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a kó àwọn lẹ́tà yẹn jọ sí ẹyọ ẹyọ: eléyìí nọ́ńbà ni, eléyìí orúkọ ni, eléyìí àṣẹ ni. Ètò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní asẹ́. Fún irú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo máa kọ àwòṣe kan, asẹ́ á máa fi ohun tó bá rí wé e. Mo yà á sórí ìwé fún un. Nọ́ńbà ni [0-9]+, ìyẹn ni pé àmì òǹkà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ni [a-z]+, lẹ́tà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran ìhun, ìyẹn ojú ìhun kọ̀ọ̀kan, ni [ie][0-9]+: i2 ni ìran méjì tí a hun láti iwájú, e3 ni mẹ́ta láti ẹ̀yìn.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Èyí ló fẹ́ gba oṣù mẹ́ta?" Mo ní mo lè parí rẹ̀ kí oṣù yìí tó tán. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rántí bí mo ṣe gbọ́n tó lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Àṣẹ kan wà nínú èdè ìhun wa tí wọ́n ń pè ní tun, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó tún abala tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ṣe. Mo fi àwòṣe rẹ̀ sí iwájú gbogbo àwòṣe yòókù, nítorí pé òun ni wọ́n ń lò jù. Ẹnìkan nínú yàrá ìkọ̀hun wá ní súwẹ́tà kan tí ó sọ ní tuntun. Asẹ́ mi rí tun, ó gbà á, ó tún rí tun, ó gbà á. Ẹ̀rọ dúró, ó ń bi mí pé kí ni kí òun tún tún.

Gbogbo àárọ̀ ni mo fi wá a. Mo ti kọ́kọ́ lọ bá Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ jà pé wáyà rẹ̀ ni kò dáa. Mo ní láti padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16

Àìsàn kan náà, ara mìíràn ló gbé wá. i2po ni kí ẹ̀rọ pa ìran méjì pọ̀ di ìran kan. Asẹ́ mi ká i2, inú rẹ̀ dùn, ó fi po sílẹ̀ lójú títì bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé. Ọrùn súwẹ́tà kò sún mọ́ra, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu débi tí ènìyàn méjì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin kan ló yẹ kí n ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: bí àwòṣe méjì bá bá a mu, èyí tí ó gbá lẹ́tà púpọ̀ jù mú ni kí ó gbà. Tuntun gùn ju tun lọ, i2po gùn ju i2 lọ. Ó tán. N kò mọ ìdí tí mo fi máa ń fẹ́ kí nǹkan kọ́kọ́ gbá mi lójú kí n tó ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Òjò. Omi ń kán sórí àga mi. Ẹyin tún ti gbówó lórí. N kò kọ ìlà kan.

Ọjọ́bọ̀, 26

Mo dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ lónìí. Àárín (* àti *) ni àwọn akọ̀hun ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn nínú fáìlì, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ hun ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ó gbé àwọn ará ọ̀sán wá náà ló ń gbé àwọn ará òwúrọ̀ lọ. Wọn kì í rí ara wọn ju kí wọ́n juwọ́ lọ, nítorí náà inú fáìlì ni wọ́n ti ń kíra, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé abẹ́rẹ́ báyìí ń fa òwú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àkámọ́ àti ìràwọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe nínú àwòṣe. Ìràwọ̀ túmọ̀ sí iye ìgbà yòówù, àmì ìdánudúró (.) sì túmọ̀ sí lẹ́tà yòówù. Bí mo bá kọ ìràwọ̀, asẹ́ kì í rí ìràwọ̀, àṣẹ ló rí. Àfi kí n fi ìlà wíwọ́ sí iwájú rẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé ìràwọ̀ gidi ni mò ń wí: \(\*.*\*\). Ọkọ mi yọjú wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ó dà bíi pé adìẹ ti fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ibẹ̀ kọjá. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Inú ń bí mi sí asẹ́ tí ń pariwo ní gbogbo ìgbà tó bá rí ohun tí kò mọ̀. Mo ní kí ó máa fò ó. Ìdákẹ́jẹ́ dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn akọ̀hun rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì ti fi òwú tuntun sí ẹ̀rọ, ó ti nù ún dán. Mo mú fáìlì súwẹ́tà kan, mo tẹ̀ ẹ́. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kò sí àṣìṣe. Kò hun nǹkan kan. Kò tilẹ̀ fa òwú.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ bóyá súwẹ́tà wà níbẹ̀. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó ní ó dára láti mọ̀ pé kò sí àṣìṣe, ó sì lọ. Kí ilẹ̀ lanu ni mo ń fẹ́.

Àwòṣe mi ló ṣe é. Mo ní kí ó ti ibi tí àkámọ́ ti ṣí gba ohunkóhun títí dé ibi tí àkámọ́ ti pa dé. N kò sọ èwo. Àwọn ará òwúrọ̀ máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ sí orí fáìlì, àwọn ará ọ̀sán á kọ tiwọn sí ìdí rẹ̀. Asẹ́ mi ṣí ẹnu ní ti òwúrọ̀, kò pa á dé títí ó fi dé ti ọ̀sán. Gbogbo súwẹ́tà tó wà láàárín, ara, apá, ọrùn, ó gbé e mì. Kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ọ̀dọ̀ wa níbi tí gbogbo fáìlì ti ń kí káàárọ̀ tí ó sì ń kí ó dàbọ̀ nìkan ni. Mẹkáníìkì ní, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, nǹkan yín yìí, wọ̀bìà ni o." Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Ajé, 7

Àmì ìbéèrè kan ló yẹ kí n fi kún un, .*? dípò .*, kí ó lè dúró ní ibi tí àkámọ́ ti kọ́kọ́ pa dé. Mo fi kún un. Ẹ̀rọ hun súwẹ́tà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìgbà tí ó yọ jáde ni a rí i pé apá òsì rẹ̀ gùn dé orúnkún.

Àwọn obìnrin yìí kì í kọ èsì sí abẹ́ ọ̀rọ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fèsì sí gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ohun tó wà nínú fáìlì náà nìyí:

(* apá òsì kúrú (* a ti rí i *) nígbà tí mo tun 30 *)

Asẹ́ mi dúró síbi tí èsì parí sí. Ó ka ìyókù ọ̀rọ̀ ará òwúrọ̀ sí àṣẹ, ó fo gbogbo èyí tí kò yé e bí mo ṣe ní kí ó máa ṣe, ó wá bá tun 30. Ó tún ìdí apá òsì hun ní ọgbọ̀n ìgbà. Mẹkáníìkì wọ súwẹ́tà náà rìn káàkiri títí tí wọ́n fi ṣíwọ́, ó ń fi apá òsì nu orí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mo kọ àwòṣe tó lè gba ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo ṣí fáìlì mìíràn, èsì wà nínú èsì. Mo kọ èyí tó lè gba méjì. Ó kún ìlà mẹ́ta. Mo ṣí òmíràn, wọ́n ti ń bá ìjà kan bọ̀ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọ̀kan nínú èkejì nínú ẹ̀kẹta, n kò tilẹ̀ lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwòṣe mi ti kún ojú kọ̀ǹpútà báyìí, èmi tí mo kọ ọ́ kò lè kà á mọ́.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé àwòṣe kò mọ òǹkà. Kò lè rántí iye ilẹ̀kùn tí ó ti ṣí. Mo gba máàkì kíkún nínú ìdánwò yẹn. Mo sì tún jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ó tó gẹ́ẹ́. Bí asẹ́ kò bá lè bá ènìyàn mu, kí ènìyàn bá asẹ́ mu. Mo tẹ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìkọ̀hun: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ sínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ní èsì, kí ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí ó tó kọ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní báwo ni ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ á ṣe mọ ohun tí wọ́n fèsì sí. Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà sílẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ má fi imú mi fọn fèrè. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, 20

A pàdé nílé Màmá. Mo wọlé, Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga fún mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó." Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ gba omi, ni gbogbo ọ̀sán, láìrẹ́rìn-ín. Màmá ń wo èmi, ó ń wo òun. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ohunkóhun tí mo bá ṣe, kí n lọ tún un ṣe.

Mo sunkún nínú ọkọ̀. Inú ṣì ń bí mi, àwọn méjèèjì jọ ń ṣẹlẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 31

Ọjọ́ burúkú. Ará òwúrọ̀ kan ti kọ ọ́ sínú fáìlì súwẹ́tà ilé ìwé pé abẹ́rẹ́ kan lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí Arúgbó ṣì ń darí ń já òwú, kí wọ́n má fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i títí Mẹkáníìkì á fi dé. Ará ọ̀sán fẹ́ fèsì pé òwú aláwọ̀ búlúù ti tán. Ó wo ìwé tó wà lára ògiri, ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ tirẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Gbogbo súwẹ́tà ilé ìwé náà ló la lójú, láti àyà dé ìsàlẹ̀, ní ojú kan náà.

Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ. Ó bèèrè ẹni tó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ọmọbìnrin tó ṣe é sá sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú, ó ní, "Yàrá mi ni. Èmi ni kí ẹ bi, mà." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìwé mi ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì nàka sí i.

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa pa á rẹ́, mà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé kò dáa. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Ó ní òun ò ní dúró kí oṣù Kọkànlá parí mọ́. Ọjọ́ kejìlélógún ni ẹni tó ń ta ètò náà ń bọ̀. Tí ẹ̀rọ bá hun súwẹ́tà gidi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó padà sílé. Tí kò bá hun ún, òun á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún un lójú ẹsẹ̀.

Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ bó ọ̀dà ògiri lọ.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá

Ìlà mẹ́fà. Mo kàn ní kí àwòṣe fi gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ohun méjì péré ni kí ó máa dá mọ̀, (* àti *), kí ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ. Mo wá kọ òǹkà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí èyí tó ṣí, kí ó fi ọ̀kan kún un. Bí ó bá rí èyí tó pa dé, kí ó yọ ọ̀kan. Bí òǹkà bá padà sí òdo, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti parí, kí ìhun máa lọ. Bí fáìlì bá tán tí òǹkà kò sí ní òdo, kí ó pariwo, kí ó sì sọ ìlà tí wọ́n ti ṣí èyí tí wọn ò tì.

Mo gba ẹ̀tọ́ àtimáa fo ohun tí kò mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó máa pariwo. Ariwo rẹ̀ dára ju ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwòṣe ń dá nǹkan mọ̀, òǹkà ń rántí. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń bá ẹni tí kò mọ òǹkà jà, ìlà mẹ́fà ló sì gbà. Ọkọ mi ní ṣé kí inú òun dùn ni àbí kí òun bá mi kẹ́dùn. Mo ní kí ó máa ṣe méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 14

Arúgbó kú ní ọ̀sán yìí. Ó hó díẹ̀, ó rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, ó ṣókùnkùn. Mẹkáníìkì ṣí i, ó tún pa á dé. A ò ní ohun tí a lè padà sí mọ́.

Òtútù ti dé gan-an. Mo wọ súwẹ́tà alápá gígùn yẹn níbi iṣẹ́, mo ká apá òsì rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ẹni tó ń ta ètò ti dé kí n tó dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ìwé àdéhùn wà lórí rẹ̀, gègé wà lórí ìwé. Mo ti mú fáìlì kan sílẹ̀, Ọ̀gá ní rárá, òun á yàn án fúnra òun. Ó yan èyí tí ìjà àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wà nínú rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé òǹkà sí ojú kọ̀ǹpútà kí n lè rí i. Ó ń gòkè bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè. Ẹnìkan ti dá sí ìjà náà lágbedeméjì, ẹlòmíràn ní ta ló bi í. Ó gòkè débi tí mo fi di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dé òdo. Ẹ̀rọ fa òwú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gba súwẹ́tà náà nígbà tó yọ jáde. Ó fi téèpù wọn àyà, ó wọn ọrùn, ó tẹ́ apá méjèèjì lé ara wọn. Ó pẹ́ lórí apá òsì. Ó sọ fún Ọ̀gá pé ó dọ́gba. Ọ̀gá fi ọwọ́ pa súwẹ́tà náà, ó yípadà sí ẹni tó wá, ó ní ó ṣeun tó wá, òjò ń bọ̀, kí ó tètè máa lọ. Àwọn akọ̀hun pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní ìjọsí dì mọ́ Mẹkáníìkì.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó ṣì ń fi Ẹ pè mí.

Ọjọ́ Ajé, 25

Mo ní kí n fi ọ̀sẹ̀ yìí sinmi. N kò tíì mu tíì àárọ̀ tán tí Mẹkáníìkì fi dé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì, ó ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti dúró, kò hun nǹkan kan, asẹ́ mi ń pariwo. Mo bú asẹ́. Mo bú Arúgbó nínú sàréè rẹ̀. Mo sáré lọ wò ó. Ohun tí ó kọ ni pé wọ́n ṣí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ní ìlà kìn-ín-ní, fáìlì tán, ẹnikẹ́ni kò tì í.

Mo ti ṣe tán láti wọ yàrá ìkọ̀hun lọ bá wọn jà pé kí ló ṣòro nínú kí ènìyàn tẹ àmì méjì. Mo ṣí fáìlì náà. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé.

(* Àbúrò, mi ò tíì bá ẹ sọ̀rọ̀ tán. Mo mọ̀ pé nǹkan rẹ á ké, mo sì mọ̀ pé ìwọ ló máa wá. Wá tì í fúnra rẹ.

Mo tún un kà. Mẹkáníìkì bèèrè bóyá ó le, mo ní kò le. Mo dìde, mo lọ sí yàrá ìkọ̀hun. Ẹ̀gbọ́n mi ń bu tíì sí ife méjì. Kò gbójú sókè, ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sí mi. A sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ti ìwé ara ògiri, ti ohun tí mo sọ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ti ọjọ́ tó bọ́ síwájú Ọ̀gá nítorí mi. Ó bú mi dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dúró ní gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀gá sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a parí, ó yí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹ ìràwọ̀, mo tẹ àkámọ́. Láti yàrá kejì, a gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun.